Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Arìnnà: Alhaja ń lọ wo Fẹ́níìsì nínú òtútù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa, láti Àjàṣẹ́ dé Kétu dé Sábẹ̀. Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀ àmọ́ mẹ́ta nínú wọn ló forí lé ibì kan ṣoṣo, Fẹ́níìsì ní Ítálì, ìlú orí omi tí àwa tá a lọ ilé ìwé Faransé ń pè ní Venise. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún yín pé mo ti débẹ̀ rí, àmọ́ mo débẹ̀ lóòótọ́, nínú òtútù náà ni mo sì lọ. Mo kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ síbí. Ti Alhaja ló máa gba àyè jù, kí ẹ̀yin méjì tó kù má bínú.

Lẹ́tà kìíní, láti Ouando, Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n Arìnnà, mo kí yín o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí n jù yín lọ. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Ouando. Ọmọ mi obìnrin wà ní Padova ní Ítálì pẹ̀lú ọkọ ẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ní kí n wá fojú kan ọmọ lóṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀, kí òun sì mú mi dé Venise fún ọjọ́ díẹ̀ kí n fi sinmi ọjà. Ọkọ ẹ̀ ní ká má sùn nínú ìlú yẹn torí ó wọ́n, ó ní ká sùn ní Mestre lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ká máa wọkọ̀ lọ ká máa wọkọ̀ bọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ́jà náà ń dẹ́rù bà mí, ọ̀kan ní omi máa ń bo gbogbo ìlú náà nígbà òtútù, èkejì ní òtútù fúnra ẹ̀ á pa mí. Orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí, mi ò lè gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Mùsùlùmí sì ni mí, oúnjẹ wọn ńkọ́? Ṣé kí n lọ ni àbí kí n jókòó ti ọmọ-ọmọ mi? Èmi Alhaja Aláṣọ.

Èsì

Alhaja mi, ẹ kú oríire ọmọ tuntun, Ọlọ́run á wò ó fún yín.

Ẹ lọ. Ẹni tó dé Padova tí ò dé Fẹ́níìsì dà bí àlejò tó dé Cotonou tó ní òun ò ráyè dé Àjàṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin láàrin ìlú méjèèjì ò tó wákàtí kan, èyí tó yá nínú wọn bí ìṣẹ́jú 30 ló ń gbà. Oṣù kìíní tí ọmọ yín sì mú yẹn, ó mọ nǹkan tó ń ṣe. Ọjọ́ 6 oṣù náà ni wọ́n fi ń kásẹ̀ ọdún Kérésì nílẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ títí Carnival, ọdún ìbojú wọn, á fi bẹ̀rẹ̀, ìlú á dá, owó yàrá á wálẹ̀, èèyàn á ráyè dúró lórí afárá láìsí ẹni tó ń tì í lẹ́yìn. Owó 5 euro tí ẹ lè ti gbọ́ pé wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó bá wá fún ọjọ́ kan, 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn ọjọ́ kan láàrin oṣù kẹrin sí oṣù keje ni wọ́n sì fi ń gbà á, kò kan ìgbà òtútù rárá.

Ọ̀rọ̀ Mestre ni mo fẹ́ bá ọkọ ọmọ yín fà, kó má bínú. Mestre ò burú, orí ilẹ̀ ló wà, mọ́tò ń rìn níbẹ̀, yàrá ibẹ̀ dínwó lóòótọ́, ọkọ̀ ojú irin á sì gbé yín kọjá afárá gígùn orí ọ̀sà yẹn láàrin bí ìṣẹ́jú 10 sí 12. Àmọ́ ẹ wo orúnkún yín. Tí ẹ bá sùn sí Mestre, àárọ̀ lẹ máa jáde, alẹ́ lẹ máa wọlé, kò síbi tí ẹ máa nà sí láàrin, kò síbi tí ẹ ti máa ṣe àlùwàlá nírọ̀rùn, ẹ máa fi gbogbo ọjọ́ wá àga kiri nínú òtútù, àga tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn tó ń ta kọfí. Lóṣù kìíní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ti ń wọ̀, Alasari àti Magaribi á máa lé ara wọn kiri. Ẹni tó bá ní yàrá nínú ìlú á jáde láàárọ̀, á padà wá nà lọ́sàn-án, á kírun ẹ̀, á mu tíì gbígbóná, á tún jáde. Ẹ sùn síbẹ̀ ní oru méjì péré, kó má pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí owó tí ẹ bá fi pamọ́ níbi tó kù lọ síbẹ̀.

Nǹkan míì tún wà tí Mestre ò lè fún yín. Lẹ́yìn aago mẹ́fà, tí àwọn tó wá fún ọjọ́ kan bá ti padà, ìlú yẹn á dákẹ́ débi pé ẹ máa gbọ́ bàtà ẹni tó ń bọ̀ kí ẹ tó rí i, torí kò sí mọ́tò, kò sí zẹ́míjàn, kò sẹ́ni tó ń fọn fèrè léèyàn létí, omi tó ń lá ìdí ògiri nìkan lẹ máa gbọ́. Èmi ọmọ Àjàṣẹ́ tí ariwo ti mọ́ lára, alẹ́ àkọ́kọ́ mi ò lè sùn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ń jí mi.

Kí ọmọ yín tó sanwó yàrá, kó bi onílé pé afárá mélòó ló wà láàrin ibùdókọ̀ omi tó sún mọ́ ọn jù àti ẹnu ọ̀nà ẹ̀, àjà kelòó ni yàrá wà, ṣé ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè wà níbẹ̀. Èmi ò béèrè. Mo gbé fàlísì ńlá onítáyà kan lọ, gaàrì kílò mẹ́wàá wà nínú ẹ̀ tí mo fẹ́ mú lọ fún ìyàwó ọ̀rẹ́ mi kan ní Milan lẹ́yìn ìgbà yẹn, onílé ti ní ẹsẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Kò parọ́, kò kàn sọ̀rọ̀ tán ni. Afárá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àtẹ̀gùn ni gbogbo wọn. Kùrukùru ti bolẹ̀, iná ojú ọ̀nà kàn rí ràkọ̀ràkọ̀. Lórí afárá kejì táyà kan já kúrò lára fàlísì, mo gbọ́ bó ṣe ń yí lọ lórí òkúta, kò, kò, kò, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ nínú omi. Mo gbé gaàrì yẹn lérí bí alábàárù ọjà Ouando, mo sì kọjá afárá méjì tó kù. Báàgì kékeré tí ẹ lè fi ọwọ́ kan gbé ni kí ẹ mú lọ, kí ẹrù tó kù dúró sí Padova.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ omi. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín sọ kì í ṣe irọ́, òótọ́ ẹ̀ ni ò pé. Omi ọ̀sà ibẹ̀ ń kún ó ń fà, bíi wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, torí òkun ń wọ inú ẹ̀. Láàrin oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní, tí afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní sirocco bá ń fẹ́ látapá gúúsù, ńṣe ló máa ń ti omi òkun Adriatic sókè wá bí ẹni ń da ẹran wọ agbo, tó bá wá bọ́ sígbà tí òṣùpá kún tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, omi á gun orí ilẹ̀. Ní 4 oṣù kọkànlá 1966 ó dé sẹ̀ntímítà 194, ní 12 oṣù kọkànlá 2019 ó dé 187. Kì í ṣe láti ilẹ̀ tí ẹ tẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n o, láti ojú àmì àtijọ́ kan ní etí omi ni, torí náà tí ẹ bá gbọ́ pé omi dé 110 ẹ má rò pé àyà ló mu yín dé. Láti oṣù kẹwàá 2020 wọ́n ti ní ìlẹ̀kùn irin 78 tí wọ́n rì sẹ́nu ibi mẹ́ta tí òkun ń gbà wọ ọ̀sà, MOSE ni wọ́n ń pè é. Omi ló kún inú àwọn ìlẹ̀kùn yìí tí wọ́n fi ń sùn sísàlẹ̀, tí wọ́n bá ti rí i pé omi tó ń bọ̀ á tó nǹkan bí 110, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn nínú, omi inú wọn á jáde, wọ́n á léfòó dìde, wọ́n á dá òkun dúró síta. Látìgbà yẹn ni èyí tó ń pa ìlú lára ti dín kù gan-an.

Ibi tí omi ṣì ń yọ́ wọ̀ ni gbàgede San Marco, torí òun ló rẹlẹ̀ jù, nǹkan bíi 80 sí 85 ló ti ń rí omi, wọn ò sì ní torí ẹ̀ gbé ìlẹ̀kùn dìde. Tó bá ṣẹlẹ̀ lójú yín, wọ́n á to pákó gíga sílẹ̀ fún àwọn èèyàn láti máa rìn lórí ẹ̀, ẹ lè tẹ̀ lé wọn, tàbí kí ẹ jókòó síbì kan fún wákàtí méjì mẹ́ta, omi á bá tiẹ̀ lọ. Lóṣù kìíní ọ̀pọ̀ ìgbà òdìkejì ẹ̀ lẹ tiẹ̀ máa rí, torí oṣù kìíní àti ìkejì náà ni omi máa ń fà jù, àwọn kanáàlì kéékèèké, ìyẹn ọ̀nà omi inú ìlú, á gbẹ débi pé ọkọ̀ á jókòó sórí ẹrẹ̀, ìdí ògiri á hàn pẹ̀lú ewé inú omi àti ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ ọn, òórùn ẹrẹ̀ á gbalẹ̀, ẹ̀yin á kàn rò pé Aguégué lẹ wà nígbà tí odò Ouémé bá fà.

Torí ilé orí òpó náà ni ilé wọn, Alhaja, kàn jẹ́ pé òpó tiwọn ò hàn. Wọ́n gbá igi mọ́ inú ẹrẹ̀, egbẹẹgbẹ̀rún igi, wọ́n to pákó àti òkúta lé e, wọ́n wá kọ́lé bíríkì sórí ẹ̀. Igi yẹn ò jẹrà torí ẹrẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ò sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Àwọn tó ń mú òyìnbó lọ sí Ganvié, abúlé orí omi tiwa ní Benin, máa ń pariwo pé Venise ilẹ̀ Áfíríkà nìyí, èmi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe Fẹ́níìsì ní Ganvié ilẹ̀ òyìnbó.

Òtútù. Kì í ṣe ti ọyẹ́ o. Ọyẹ́ gbẹ, ó ń la èèyàn létè, tí oòrùn bá yọ ó tán. Ti Fẹ́níìsì lóṣù kìíní, òru máa ń sún mọ́ òdo, ọ̀sán ò ju nǹkan bíi 6 tàbí 7 lọ, omi sì wà nínú ẹ̀, ó máa ń wọ inú aṣọ lọ bá orúnkún yẹn gan-an. Ẹ má ra kóòtù níbí, ọmọ yín á ti ní èyí tó bá ibẹ̀ mu. Ohun tí ẹ máa mú láti ilé ni aṣọ tó lè wọra, mẹ́ta tín-ínrín sàn ju ọ̀kan tó nípọn lọ, ìró àti bùbá yín ò ní gbé e àyàfi tí ṣòkòtò onírun bá wà lábẹ́ ẹ̀. Kí ìsàlẹ̀ bàtà jẹ́ róbà tó di ilẹ̀ mú torí òkúta afárá wọn máa ń yọ̀.

Ẹsẹ̀ ìlú yẹn ni ọkọ̀ omi tí wọ́n ń pè ní vaporetto, bọ́ọ̀sì orí omi ni, ó ní nọ́ńbà, ó ní ibùdó. Ọmọ yín á fẹ́ kí ẹ rìn, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn kí wọ́n máa rìn, ẹ ní rárá. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀kan tó wà fún ìṣẹ́jú 75 jẹ́ 9.50 euro, ìyẹn ju 6,200 sẹ́fà lọ, ẹ ò gbọdọ̀ máa ra ìyẹn ní ẹyọ ẹyọ. Ti wákàtí 24 jẹ́ 25 euro, ti 48 jẹ́ 35, ti 72 jẹ́ 45, ẹ ra ti 48 kí ẹ máa wọ̀ ọ́ bó ṣe wù yín. Nọ́ńbà 1 ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó máa ń rọra lọ, ó ń yà ní gbogbo ibùdó lójú odò ńlá wọn tó gùn tó kìlómítà mẹ́rin dín díẹ̀, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí ààfin àwọn olówó àtijọ́ máa kọjá níwájú yín bí aṣọ tí wọ́n ń tú fún oníbàárà. Afárá mẹ́rin péré ló la odò ńlá yẹn kọjá, nínú ìlú tí afárá ẹ̀ lé ní 400, ìyẹn jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí tí ọkọ̀ omi fi ṣe pàtàkì.

Torí pé ọlọ́jà ni yín, ẹ jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí ẹ lọ sí ọjà ẹja Rialto. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Sunday tàbí Monday, wọn kì í pàtẹ ẹja. Ẹ máa rí i bí ọkùnrin kan ṣe ń ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja kó lè fi hàn yín pé àárọ̀ yẹn ló kúrò nínú omi, tó ń fọwọ́ kan sọ̀rọ̀ tó ń fọwọ́ kejì wọ́n omi sórí ẹ̀, ẹ ò gbọ́ Itálíánì àmọ́ gbogbo ohun tó ń sọ ló máa yé yín.

Lọ́sàn-án ẹ wọ ọkọ̀ nọ́ńbà 12 láti Fondamente Nove lọ sí Burano, kò ju nǹkan bíi ìṣẹ́jú 45 lọ. Erékùṣù léèsì ni. Mo mọ̀ pé ẹ ń ta léèsì, àmọ́ èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe lọ́wọ́ níbẹ̀ láìsí aṣọ kankan lábẹ́ ẹ̀, ẹ ò tíì rí i rí, kékeré tó bí àtẹ́lẹwọ́ lè gba obìnrin kan ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ojú aláṣọ ni kẹ́ ẹ fi wọ ṣọ́ọ̀bù wọn o, torí púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n kó síta ẹ̀rọ ló ṣe é, ibòmíì ló sì ti wá, ẹ̀yin á ti fọwọ́ kàn án mọ̀. Tí ọkọ̀ bá yà ní Murano, ibẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo àwọn tó ń ṣe gíláàsì lọ ní 1291 torí iná ààrò wọn, látibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ alámì tí àwọn ìyá ìyá wa so mọ́dìí ti wá, wọ́n fi ọkọ̀ kó o wá sí etíkun wa lọ́pọ̀lọpọ̀. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé àwọn ló kọ́ wa ní gíláàsì, Ilé-Ifẹ̀ ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tiẹ̀ ní Igbó Olókun kí ìyẹn tó dé rárá.

Oúnjẹ ò le. Ẹja ni ìlú yẹn ń jẹ. Ẹ máa rí sàdíìnì díndín tí wọ́n fi àlùbọ́sà àti fínígà bò, ẹ bi wọ́n bóyá wáìnì wà nínú ẹ̀ kí ẹ tó jẹ ẹ́, ẹ máa rí polenta tí í ṣe ọkà àgbàdo tiwa gan-an, funfun ni wọ́n ń rò ó lápá ibẹ̀, ó kàn jẹ́ pé kò sáta. Ẹran hàláàlì pọ̀ ní Mestre torí àwọn ará Bangladesh tó ń gbé ibẹ̀, kí ọmọ yín rà á kẹ́ ẹ tó kọjá. Kọfí tí ẹ bá mu lóòró dínwó gan-an sí èyí tí ẹ jókòó mu, pàápàá ní gbàgede San Marco níbi tí wọ́n ti ń ka owó orin mọ́ ọn. Ilé oúnjẹ kan gba owó àga lọ́wọ́ mi níbẹ̀, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àṣé ó wà nínú ìwé oúnjẹ, coperto ni wọ́n kọ, àwọn lẹ́tà tó kéré bí èèrà.

Físà ni kẹ́ ẹ dìde sí báyìí, ẹ má jẹ́ kó di oṣù kejìlá. Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, ọjọ́ 15 ló kéré jù, ọjọ́ 15 náà ni wọ́n sì ń ní àwọn máa fi wò ó, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Torí Ítálì lẹ máa sùn sí jù, físà Ítálì lẹ máa béèrè kódà tó bá jẹ́ Paris ni báálù kọ́kọ́ máa balẹ̀ sí. Owó ẹ̀ 90 euro fún àgbàlagbà, ẹ fi 655.957, iye sẹ́fà tó wà nínú euro kan, sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 59,036 sẹ́fà. Ìnṣọ́ránsì tó bo ìtọ́jú dé 30,000 euro, páàsì tó ṣì máa ní oṣù mẹ́ta lára lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá kúrò lọ́hùn-ún, ìwé ìkésíni ọmọ yín, ìwé tó fi hàn pé ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Ouando tẹ́ ẹ máa padà sí. Ẹni tó bá ní òun mọ ẹnì kan nínú ọ́fíìsì wọn kẹ́ ẹ fún òun lówó, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Lẹ́tà kejì, láti Kétu

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Agbẹ́gilére ni mí, ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mò ń gbẹ́ jù. Wọ́n ní Benin ṣe àfihàn ọnà ní Venise, wọ́n ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nínú ẹ̀. Wọ́n pè mí sí France ní ìparí ọdún fún iṣẹ́, ṣé mo lè yà wò ó? Ọmọ Kétu.

Èsì

Àbúrò, ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. 2024 ni Benin kọ́kọ́ ní ilé tiẹ̀ ní Biennale, àfihàn ńlá tí wọ́n ń pè yẹn, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nínú ohun tí wọ́n gbé e kà lóòótọ́, ọmọ Àjàṣẹ́ wa Romuald Hazoumè tó ń fi kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù ṣe ìbojú wà nínú àwọn mẹ́rin tó ṣojú wa, pẹ̀lú Moufouli Bello, Ishola Akpo àti Chloé Quenum. Ó parí ní 24 oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí lọ́dọọdún, ti ọnà ní ọdún tó ṣeé pín sí méjì, ti ilé kíkọ́ ní èyí tí kò ṣeé pín, gbogbo ẹ̀ sì máa ń parí kí oṣù kejìlá tó dé. Ẹni tó bá lọ nínú òtútù, ìlẹ̀kùn tó tì ló máa bá.

Àmọ́ mi ò ní kí o má yà. Wá àwọn tí wọ́n ń pè ní remèri, àwọn tó ń gbẹ́ àjẹ̀ àti forcola. Forcola ni igi tí awakọ̀ gondola, ọkọ̀ odò gígùn ìlú yẹn, ń gbé àjẹ̀ lé, igi wálínọ́ọ̀tì ni wọ́n sábà fi ń gbẹ́ ẹ, ó lọ́ kọ́lọ́kọ́lọ́ bí ìgbà tí èèyàn ká igbọ̀nwọ́ kò, kò sì síbì kan lára ẹ̀ tó wà lásán: igun kan wà fún lílọ síwájú, òmíràn fún lílọ sẹ́yìn, òmíràn fún dídúró, òmíràn fún yíyípo. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan, ó ń fi abẹ fá igi bẹ́ẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, á fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò, á tún fá a, mo sì rántí bí ẹ̀yin ní Kétu ṣe máa ń fi ọwọ́ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère kí ẹ tó fi ojú wò ó. Tó o bá tún ráyè, wọ ilé ọnà Accademia, bi wọ́n fún iṣẹ́ Carpaccio tó ya afárá Rialto nígbà tó ṣì jẹ́ ti igi, bí ọdún 1496 ló yà á. Wo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ iwájú. Awakọ̀ gondola aláwọ̀ dúdú kan wà níbẹ̀, ó dúró lórí ọkọ̀ ẹ̀, fìlà wà lórí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó débẹ̀.

Lẹ́tà kẹta, láti Sábẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Arìnnà, tíṣà ni mí. Èmi àti ìyàwó mi máa wà ní Paris lóṣù kejì, a fẹ́ fi ọjọ́ méjì lọ wo Carnival Venise, ìyàwó mi sì ti búra pé àfi kóun wọ gondola. Èló ni, ṣé owó ẹ̀ sì tó bẹ́ẹ̀? Tíṣà Ẹsẹ̀ Òkè.

Èsì

Tíṣà, Carnival máa ń parí lọ́jọ́ Tuesday tó ṣáájú Ash Wednesday, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń ṣe é, torí náà ẹ wo kàlẹ́ńdà kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Opin ọ̀sẹ̀ méjì ìgbẹ̀yìn ni ìlú máa ń kún bí ẹja sàdíìnì nínú agolo, yàrá á sì wọ́n. Ẹ lọ lọ́jọ́ tó wà láàrin ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn tí Napoleon gba ìlú náà ní 1797 ni Carnival yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátápátá, 1979 ni wọ́n tó jí i dìde. Nínú ìbojú wọn, bauta ni mo fẹ́ràn, àgbọ̀n ẹ̀ yọ síwájú kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè jẹun kó lè mu nínú ẹ̀, ohùn ẹ̀ sì máa ń yí padà lábẹ́ ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohùn eégún, ẹ máa mọ ohun tí mò ń sọ.

Gondola, iye tí ìjọba ìlú dá lé e ni 90 euro fún ìṣẹ́jú 30 ní ọ̀sán, 110 fún ìṣẹ́jú 35 láti aago méje alẹ́. Ẹ wo iye yẹn dáadáa, 90 euro, iye owó físà gan-an nìyẹn, ìṣẹ́jú 30 péré. Ọkọ̀ ni iye yẹn wà fún o, kì í ṣe orí èèyàn kọ̀ọ̀kan, ó ń gba èèyàn márùn-ún, tẹ́ ẹ bá rí tọkọtaya kan tí wọ́n ń ṣírò bíi tiyín ní etí omi, ẹ dà á pọ̀. Kí iye jẹ́ àdéhùn kẹ́ ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ inú ẹ̀, ẹ ní kó gbà inú kanáàlì kéékèèké, ẹ má jẹ́ kó gbé yín lọ sójú odò ńlá níbi tí ọkọ̀ ẹ̀rọ ti ń mi ọkọ̀ kiri. Lóṣù kejì ẹ tún béèrè ìgbà tí omi máa fà, torí tí kanáàlì kékeré bá gbẹ ibi tí èrò pọ̀ sí ni wọ́n á gbé yín gbà.

Tí owó ò bá sí, ẹ lọ sí ibi tí traghetto ti ń kọjá. Gondola náà ni, ó kàn tóbi díẹ̀, kò sí ohun ọ̀ṣọ́ lára ẹ̀, àwọn awakọ̀ méjì ló ń wà á, ó kàn ń gbé èèyàn láti bèbè odò ńlá kan sí èkejì, 2 euro fún àlejò, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìyá ìyàwó mi, tó ti wọ ọkọ̀ odò tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì lọ Aguégué láìmọye ìgbà, wo fọ́tò tí mo yà níbẹ̀, ó ní ṣé gbogbo owó báálù yẹn mo fi lọ wọ ọkọ̀ odò ni. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń dúró nínú ẹ̀, báàgì ọjà lọ́wọ́, wọn kì í di nǹkan kan mú. Ẹ̀yin àti ìyàwó yín, ẹ jókòó sórí etí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní dandan ẹ máa dúró fún fọ́tò, kí ẹnì kan má di ẹnì kejì mú o, torí ẹni tó bá yẹ̀ ẹsẹ̀ á mú èkejì dání lọ sínú omi oṣù kejì.